Ponniyin Selvan: bí wọ́n ṣe gé ìwé olójú ewé 2,000 sí fíìmù méjì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ponniyin Selvan, ìtàn àròsọ ayé àtijọ́ tí Kalki kọ ní èdè Tamil ti gúúsù Íńdíà, lé ní 2,000 ojú ewé. Fíìmù méjèèjì tí Mani Ratnam, olùdarí fíìmù, yọ nínú rẹ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 331: PS-1, tó jáde ní 30 September 2022, gba ìṣẹ́jú 167, PS-2, tó tẹ̀ lé e ní 28 April 2023, gba 164. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ní láti ru ojú ewé mẹ́fà, ó lé. Nínú ojú ewé mẹ́fà Kalki, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè gẹṣin wọ ìlú, kó bá awòràwọ̀ jiyàn, kó jẹun, kó kó sínú ìjà, kó sì tún gbọ́ àṣírí tí kò yẹ kó gbọ́. Kò sí bí wọn ò ṣe ní gé e. Ibi tí ọ̀bẹ gbà wọlé ló yẹ ká wò, àti bí èyí tó kù ṣe rí lẹ́yìn tí ọ̀bẹ kúrò.

Kalki Krishnamurthy kọ ìtàn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Kalki, láti October 1950 títí di May 1954, ọdún tí òun náà kú. Ìtàn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí sórí ohun tí kò ní jẹ́ kí olùkà sùn: ẹsẹ̀ ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fìtílà kú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kalki tún fẹ́ràn àtimáa dá ìtàn dúró, kó kọjú sí àwọn tó ń kà á, kó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká padà lọ wo ẹni tá a fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́sí. Àwọn ìdílé Tamil a máa já ojú ewé wọ̀nyẹn, wọn a dì wọ́n pọ̀ di ìwé. Àwòrán tí Maniam yà sí i ni ojú tí gbogbo èèyàn fi mọ àwọn ẹ̀dá ìtàn náà. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi òṣèré ṣe é, ojú tí àwọn èèyàn ti mọ̀ fún àádọ́rin ọdún ló fẹ́ bá díje.

Àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú kì í ṣe ọ̀lẹ. M. G. Ramachandran, òṣèré tó padà di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ra ẹ̀tọ́ ìwé náà ní 1958, kò rí i ṣe. Mani Ratnam fúnra rẹ̀ àti òṣèré Kamal Haasan jókòó tì í ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n dìde. Mani Ratnam tún padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn 2010, owó kò jẹ́. Ìṣòro náà kò fara sin: fíìmù kan ṣoṣo kò gbà á, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ náwó lé fíìmù tí ìparí rẹ̀ wà nínú òmíràn. Ìgbà tí Baahubali, fíìmù Íńdíà mìíràn, jáde lápá méjì ní 2015 àti 2017, tí èrò sì padà wá wo apá kejì, ni ọ̀nà tó là.

Orí ìtàgé ni ìrànlọ́wọ́ kejì ti wá, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù yìí kì í sì í mẹ́nu bà á tó. Ní 1999, ẹgbẹ́ eléré Magic Lantern ní Chennai ṣe ìwé náà lórí ìtàgé, Elango Kumaravel ló sì gé e sí eré fún wọn. Òun kan náà ló bá Mani Ratnam àti Jeyamohan jókòó kọ ìwé eré fíìmù yìí. Jeyamohan ló kọ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Ọwọ́ onítàgé hàn níbẹ̀. Ibi tí fíìmù méjèèjì ti dùn jù ni ibi tí èèyàn méjì bá ti kojú ara wọn nínú yàrá, tí idà ṣì wà nínú àkọ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè ni ìtàn náà, kò sì yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Gandaraditya jọba Chola, ìjọba àtijọ́ kan ní gúúsù Íńdíà. Nígbà tó wàjà, ọmọ rẹ̀ Madhurantakan ṣì kéré, oyè bá bọ́ sọ́wọ́ Arinjaya àbúrò rẹ̀. Ọmọ Arinjaya ni Sundara Chola, tó wà lórí ìtẹ́ ní Thanjavur nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 969. Àìsàn ti dá ọba yìí gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Aditha Karikalan ni Àrẹ̀mọ, jagunjagun tí inú rẹ̀ ń hó bí omi iná, ó wà ní Kanchi. Kundavai, ọmọbìnrin àárín, wà ní Pazhaiyarai, òun ló gbọ́n jù nínú wọn. Àbíkẹ́yìn ni Arulmozhi, tó ń jagun ní erékùṣù Lanka. Àwọn ìjòyè ńlá wá ń pàdé lóru, wọ́n ní oyè ti pẹ́ jù nílé àbúrò, kó padà sílé ẹ̀gbọ́n. Olórí wọn ni Pazhuvettaraiyar àgbà, arúgbó ológun tó ní àpá ọgbẹ́ 64 lára, tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ogbó, ó fẹ́ ọmọge kan tó ń jẹ́ Nandini. Nandini ní ohun tirẹ̀ tó ń bá kiri, àti pé Karikalan mọ̀ ọ́n rí.

Arulmozhi yìí ni ayé padà mọ̀ sí Rajaraja, tó jọba láti 985 sí 1014. Tẹ́ńpìlì ńlá Thanjavur tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, òun ló kọ́ ọ, ó parí ní 1010. Ẹni tó bá ń retí tẹ́ńpìlì náà nínú fíìmù, kó má retí: ó ku ogójì ọdún gbáko. Orúkọ ìtàn náà, Ponniyin Selvan, túmọ̀ sí Ọmọ Ponni. Ponni ni wọ́n ń ki odò Kaveri. Arulmozhi ṣubú sódò náà ní kékeré, obìnrin kan tẹ́nì kankan kò mọ̀ gbé e jáde, wọ́n ní odò ló gbà á là. Ẹ fi obìnrin yẹn sọ́kàn.

Nínú ìwé, ẹni àkọ́kọ́ tá a pàdé ni Vandiyadevan, lórí ẹṣin, létí adágún Veeranarayana, lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Adi tí àwọn èèyàn ń ṣọdún omi tuntun. Ó ń ka ẹnu ọ̀nà omi tó wà lára adágún náà, wọ́n jẹ́ 74, ó ń wo àwọn obìnrin tó wá ṣeré létí omi, kò kánjú rárá. Ìránṣẹ́ lásán ni: Karikalan fi lẹ́tà rán an sí bàbá àti àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Kalki fi rin gbogbo ilẹ̀ Chola. Ibi tí Vandiyadevan bá dé la dé. Ohun tó bá gbọ́ la gbọ́. Tí ebi bá ń pa á, a ó mọ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nílé náà.

Fíìmù kò ráyè bẹ́ẹ̀. Ohùn Kamal Haasan ló ṣí i, ó ń sọ nípa ìràwọ̀ onírù tó yọ lójú ọ̀run, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọba ló ń bèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ogun ni: Karikalan ń ṣẹ́gun àwọn Rashtrakuta, Vandiyadevan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogun yìí kò sí níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Àwọn olólùfẹ́ ìwé kan fapá jánú sí i, ṣùgbọ́n ó nídìí. Karikalan kò sún mọ́ wa nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Olùkà lè dúró dè é. Ẹni tó jókòó sí sinimá, tí kò bá rí Vikram, òṣèré tó ṣe Karikalan, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí kò sì mọ̀ pé ìbínú rẹ̀ ni àrùn tó ń pa á, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí gbogbo ayé fi ń sọ nípa rẹ̀. Ogun náà ń san owó orí rẹ̀.

Adágún àti omi tuntun kò ṣègbé pátápátá. Wọ́n yí i padà di orin, Ponni Nadhi, tí Vandiyadevan ń gbọ́ bó ṣe ń gẹṣin sọdá ilẹ̀ oko. A. R. Rahman ló kọ orin fíìmù méjèèjì, òun náà sì wà lára àwọn tó kọ eléyìí lẹ́nu, pẹ̀lú Bamba Bakya, olóhùn ńlá tó kú ní September 2022, oṣù tí fíìmù jáde gan-an. Bí wọ́n ṣe ń lo orin níbí yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ fíìmù Íńdíà tí orin máa ń dá ìtàn dúró fún. Orin kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ orí ìwé mélòó kan.

Ẹ wo Kadambur, ilé olóyè tí Vandiyadevan wọ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Nínú ìwé, alẹ́ ọjọ́ yẹn gba orí bíi mélòó kan: àsè, ijó, ẹni tí òrìṣà gùn tó ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ ọba, àti àṣírí òru. Àga àgbéléjìká kan wà tí wọ́n ta aṣọ bò, tí gbogbo èèyàn rò pé ìyàwó Pazhuvettaraiyar ló wà nínú rẹ̀. Fíìmù kó gbogbo rẹ̀ sí Devaralan Aattam, ijó kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìlù àti iná. Ijó náà ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, Vandiyadevan wà láàárín àwọn tó ń ṣàríyá, ojú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ amí. Nígbà tí ilẹ̀ bá wá pa rọ́rọ́, tí aṣọ àga náà sì ká, ẹni tó ń yọjú kì í ṣe obìnrin. Madhurantakan ni, ọmọ ilé ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n ń gbé kiri bí ìyàwó tuntun kí àwọn ìjòyè lè rí i. Ẹni tí kò ka ìwé rí yóò mọ ẹni tó ń dìtẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba, àti bí ojú ṣe ń ti ọ̀rọ̀ náà tó, kò sì ní jẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró ṣàlàyé fún un. Èyí ni gígé tó mọ́.

Karthi ni Vandiyadevan, òun ló gbé PS-1. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rín bo ìbẹ̀rù, kì í sì í ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé òun ni ọ̀gá fíìmù. Jayaram ṣe Azhwarkadiyan Nambi, amí olóòtú ìjọba Chola, ẹlẹ́sìn Vishnu tí kò lè rí ẹlẹ́sìn Shiva kó má bá a jà. Ìjà ẹ̀sìn yẹn nínú ìwé ní ìtumọ̀: Kalki ń lò ó fi bu àwọn méjèèjì, ọ̀pá Nambi a sì máa sọ̀kalẹ̀ sórí èèyàn nígbà míì. Nínú fíìmù, apanilẹ́rìn-ín tó sanra ló kù. Jayaram ṣe é dáadáa. Àmọ́ bí ó ṣe ń tẹ̀ lé Vandiyadevan kiri, ẹ ó gbàgbé pé amí ìjọba ni.

Aishwarya Rai Bachchan ṣe Nandini, ó tún ṣe Oomai Rani, obìnrin odi tó ń gbé láàárín igbó Lanka. Iṣẹ́ méjì fún òṣèré kan níbí kì í ṣe àṣehàn. Ojú kan náà tí àwọn obìnrin méjì ní ni kókó àṣírí ìtàn. Tí wọ́n bá mú òṣèré méjì, wọ́n ti ba ìtàn jẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kalki fi ọ̀rọ̀ ṣe é, ó lè fi ojú pamọ́ títí ó fi wù ú. Kámẹ́rà kò lè parọ́ bẹ́ẹ̀. Mani Ratnam wá fi àṣírí náà ṣe ìparí PS-1: ọkọ̀ rì nínú ìjì, Arulmozhi ń lọ sísàlẹ̀ òkun, obìnrin arúgbó kan bẹ́ sómi, a rí ojú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Kalki ìbá kọrin ìyìn rẹ̀, nítorí bí òun náà ṣe ń parí orí nìyẹn.

Trisha ni Kundavai. Ibi tó wọ ààrin ìpàdé àwọn ìjòyè, tó fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí àwọn arákùnrin rẹ̀ máa fẹ́ tú wọn ká, ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ kí bàbá kọ̀ọ̀kan rò pé ọmọ tòun ni yóò di olorì, ẹ̀yìn ìyẹn, ọ̀tẹ̀ ò lórí mọ́. Ìpàdé òun àti Nandini ní ààfin Thanjavur náà tún kún fún irú ìkíni tí èèyàn fi ń gúnni lọ́bẹ. Sarathkumar, gẹ́gẹ́ bíi Pazhuvettaraiyar àgbà, ṣe ohun tó le jù: ó jẹ́ kí arúgbó tó ń rìn lẹ́yìn ìyàwó kékeré ṣì jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni PS-2.

Ó ṣí pẹ̀lú Karikalan àti Nandini ní èwe, létí odò, pẹ̀lú orin, ó sì rẹwà. Láti ibẹ̀, àwọn méjèèjì gba fíìmù. Mani Ratnam ti ń ṣe ìtàn ìfẹ́ tó ń parun láti ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, Vikram náà sì fi gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n okùn tó so PS-1 pọ̀ já. Vandiyadevan, tó jẹ́ ojú àti etí wa, di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, tí wọ́n ń mú, tí wọ́n ń tú sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sùn ńlá já lé e lórí ní Kadambur, ó yẹ kí ọkàn wa fò. Kò fò, nítorí ọ̀rọ̀ náà yanjú kó tó gbóná.

Ìdí rẹ̀ ni Manimekalai. Nínú ìwé, ọmọ olóyè Kadambur ni, ó fẹ́ràn Vandiyadevan láìjẹ́ pé ìyẹn fẹ́ràn rẹ̀ padà, òun ló sì ní òun ni apànìyàn kí wọ́n lè fi ọmọkùnrin náà sílẹ̀. Ikú rẹ̀ ni ìwé parí sí. Lẹ́yìn gbogbo ariwo adé, ọmọbìnrin tí kò ní oyè kankan lọ́wọ́ ni Kalki fi pa ìwé dé. Fíìmù yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ̀yin tó ń ka iye èèyàn tó wà nínú ìtàn náà yóò ní ó yẹ kí ẹnì kan lọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó bá a lọ. Ẹni tó yẹ kó gba Vandiyadevan sílẹ̀ ti lọ, ìwé eré ní láti wá ọ̀nà kúkúrú. Kandan Maran, ẹ̀gbọ́n Manimekalai, ọ̀rẹ́ Vandiyadevan tó di ọ̀tá rẹ̀, pàdánù àbúrò tó jẹ́ kí ìjà wọn nídìí. Ilé Kadambur fúnra rẹ̀ di yàrá tí ẹnì kan kú sí, kì í ṣe ilé onílé mọ́.

Ikú Karikalan náà yàtọ̀. Ìtàn tòótọ́ ṣókùnkùn níbẹ̀. Òkúta kan wà ní Udaiyargudi tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ní ọdún kejì ìjọba Rajaraja, tó dárúkọ Ravidasan àti àwọn arákùnrin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pa á, wọ́n sì gba ilẹ̀ wọn. Ẹni tó rán wọn, kò sọ. Kalki mú òkùnkùn yẹn bó ṣe rí: ó kó èèyàn bíi mélòó kan sínú yàrá kan, ó pa fìtílà, títí dòní àwọn olùkà rẹ̀ ṣì ń jiyàn nípa ọwọ́ tó ṣe é. Mani Ratnam tan iná. Ó gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú àwọn méjì, ó sì jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ìran náà lágbára, bóyá òun ló lágbára jù nínú fíìmù méjèèjì, owó tó sì san fún un ni iyàn yẹn.

Ẹ fo ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ adé bá yín lójijì.

Nínú ìwé, Senthan Amudhan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń so òdòdó fún òrìṣà Shiva ní Thanjavur, tó ń kọrin ẹ̀sìn, tí kò fẹ́ nǹkankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé tí a ti mọ̀ ọ́n kí Kalki tó sọ fún wa pé òun gan-an ni ọmọ Gandaraditya; wọ́n pààrọ̀ ọmọ nígbà ìbí, Madhurantakan tí àwọn ìjòyè ń gbé kiri kì í ṣe ọmọ ilé náà. Nígbà tí Arulmozhi wá gbé adé kúrò lórí ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìwúyè, orí ọmọ olódòdó ló gbé e lé. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ láti apá kìíní dé ìkarùn-ún ló bọ́ sípò. Kò ṣe é kọjú ìjà sí, nítorí ẹni tó gba adé kò wá a rí.

Fíìmù gé ìpààrọ̀ ọmọ yẹn, adé sì lọ sórí Madhurantakan tí òṣèré Rahman ṣe (kì í ṣe A. R. Rahman olórin), ẹni tó ti ń dìtẹ̀ láti alẹ́ Kadambur. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé fíìmù wá sún mọ́ ìtàn gidi ju ìwé lọ. Àwọn bàbà pẹlẹbẹ Tiruvalangadu, tí àwọn ọba Chola kọ̀wé sí, sọ pé àwọn èèyàn fẹ́ Arulmozhi, ó kọ̀, ó ní kí Uttama, ìyẹn Madhurantakan, tó jẹ́ bí arákùnrin bàbá fún un láti ilé ẹ̀gbọ́n, jọba fún ìgbà tó bá wù ú. Kò sí ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ níbẹ̀. Kalki ló dá a sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń pariwo pé wọ́n yí ìtàn padà kò jàre lórí èyí. Àléébù rẹ̀ wà lára eré. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ìlú ń fẹ́ gbé adé fún ẹni tó fẹ́ gbà á tipátipá, ohùn kan gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́ tó ń sọ pé oyè kì í ṣe tòun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré nínú PS-2, láàárín Arulmozhi àti ìyá Madhurantakan, ìbá tó. Dípò rẹ̀, wọ́n tún bá àwọn Rashtrakuta ja ogun mìíràn, ó gùn, eruku pọ̀, kò sì sí ohun tó sọ fún wa tí a kò mọ̀. Jayam Ravi, tó ṣe Arulmozhi, ń rẹ́rìn-ín ìfọ̀kànbalẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Adé wá dà bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí.

Nípa ojú tí fíìmù ní: Ravi Varman ló di kámẹ́rà mú, Thota Tharani ló kọ́ àwọn ilé eré, Eka Lakhani ló ṣètò aṣọ. Iṣẹ́ Tharani ṣòro, nítorí kò sí ààfin Chola kan tó ṣẹ́ kù lórí ilẹ̀ tó lè fi ṣe àwòkọ. Tẹ́ńpìlì òkúta ló kù. Nínú yàrá tí wọ́n kọ́ ní Ramoji Film City ní Hyderabad, òpó, fìtílà àti aṣọ ìkélé ń ṣiṣẹ́ dáadáa, òkùnkùn pọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá jáde síta ni ẹni tó mọ̀ yóò mi orí. Wọ́n ya apá kan ní Orchha, Gwalior àti Maheshwar ní Madhya Pradesh. Orchha jẹ́ ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún; ilé ọba etí odò Maheshwar jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, odò Narmada ló sì wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe Kaveri. Ojú fèrèsé tó tẹ̀ bí ọrun ọfà, ògiri òkúta gíga lórí òkè: ilẹ̀ Thanjavur tẹ́jú bí ẹní, ìrẹsì àti ipa omi ni gbogbo rẹ̀. Kalki kọ ìwé tó tutù fún omi. Fíìmù gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi ní apá Lanka, tí wọ́n yà ní Thailand, níbi tí ewé ti bo gbogbo nǹkan, tí Poonguzhali, ọmọbìnrin atukọ̀, sì ń tukọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sórí omi.

Ìró rẹ̀ kò ní àléébù. Nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀bùn fíìmù orílẹ̀-èdè Íńdíà ní 2024, PS-1 gba mẹ́rin: fíìmù Tamil tó dára jù, orin ẹ̀yìn ìtàn, iṣẹ́ kámẹ́rà àti ètò ìró. Ẹ má fi ẹ̀rọ etí olówó pọ́ọ́kú gbọ́ ìran ọkọ̀ tó rì.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó: Prime Video ni wọ́n gbé méjèèjì sí lẹ́yìn sinimá. Tamil ni kí ẹ yàn, kí ẹ máa ka ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Wọ́n tún fi ohùn Hindi, Telugu, Kannada àti Malayalam lé e, ṣùgbọ́n ètè àti ọ̀rọ̀ kò ní bára mu, ẹ ó sì pàdánù bí Karthi ṣe ń fa ọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀: ó ń yára, ẹnì kan sì lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Arulmozhi àti Ponniyin Selvan, ẹnì kan ni. Periya ni àgbà, Chinna ni kékeré, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn Pazhuvettaraiyar méjèèjì. Àbúrò ló ń ṣọ́ odi Thanjavur. Ibi tí ẹ bá ti rí «zh», ẹ ká ahọ́n sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ pe r, ẹ má pè é bíi ṣ.

Àsíá yóò ràn yín lọ́wọ́ ju orúkọ lọ. Ẹkùn ni ti Chola. Ẹja ni ti Pandya, àwọn tí Karikalan gé orí ọba wọn, nítorí náà ibikíbi tí ẹ bá ti rí ẹja, lára idà tàbí lára aṣọ, ẹ̀san ń bọ̀. Ẹ má wo méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. Àmọ́ kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín wọn, kí ojú àwọn ẹ̀dá ìtàn má baà parẹ́ lọ́kàn yín. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ PS-1 ni ó máa ń lé èèyàn sá. Ẹ dá a dúró lẹ́yìn ìran Kadambur, ẹ kọ orúkọ mẹ́fà sórí ìwé, ẹ máa bá a lọ.

Ẹni tó bá wá fẹ́ ka ìwé lẹ́yìn náà, ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà ju ẹyọ kan lọ, apá márùn-ún ni. Kó wo PS-1 ṣáájú, kó ka apá mẹ́ta àkọ́kọ́, kó tó wo PS-2. Nígbà tó bá ń wo PS-1, kó ṣọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí Ashwin Kakumanu ṣe, tí kámẹ́rà ń yára kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkankan. Senthan Amudhan nìyẹn.